Káróòtì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: bí mo ṣe gbin nǹkan abẹ́ ilẹ̀ sínú àpò ìrẹsì àti sórí ebè l'Àjàṣẹ́

Káróòtì àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi gbìn, tí mo fọwọ́ ara mi fà tu, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Mi ò sọ àsọdùn o. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ẹ̀kẹta wé mọ́ àwọn méjì tó kù bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá ẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ ò sì nípọn tó àtàǹpàkò mi. Àwọn ọmọ mi fi àgékù áńkárá rán ṣòkòtò fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Káróòtì, ó jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n wa títí tó fi gbẹ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi ní kọ̀rọ̀, torí odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi bomi rin nǹkan yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ pé èmi náà ti di àgbẹ̀.

Aṣọ ni mo ń rán, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń rán an, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n ọmọ Sábẹ̀ (Savè) ni mí, ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta yẹn ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì ti ń gbin iṣu kí wọ́n tó bí mi. Ẹ wo ìtìjú, ọmọ oníṣu tí ò lè gbin káróòtì. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, nílé tiwa, àwọn ọkùnrin ló ń kọ ebè, àwa obìnrin á gbé iṣu wálé, a ó bẹ ẹ́, a ó gé e, a ó sá a fún èlùbọ́, ẹnikẹ́ni ò pè mí rí pé wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ilé tí a háyà níbí ní àyè kékeré kan lẹ́yìn, ó gùn tó mítà mẹ́fà, ó fẹ̀ tó mẹ́rin, láàárín ilé ìdáná àti kànga. Ilẹ̀ pupa ni, ilẹ̀ tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní terre de barre, ẹni tó bá ti gbé Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Tí òjò bá rọ̀ á lẹ̀ mọ́ bàtà ẹ bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí oòrùn bá wá pa á fún ọ̀sẹ̀ kan, ìṣó ò ní wọlé. Bàbá onílé wa, Ègùn ni wọ́n, wọ́n ní kí n ṣe ohun tó bá wù mí níbẹ̀ ṣá ti má gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sítòsí ògiri wọn.

Oṣù kẹwàá ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà òjò kékeré. Ọkùnrin kan l'ádùúgbò tó máa ń ta bẹntiróò kpayó (àwọn Ègùn ló ń pe nǹkan tí kì í ṣe ojúlówó ní kpayó) fún mi ní bídọ̀nù (kẹ́ẹ̀gì) mẹ́rin tó ti ń jò, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo là wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sá wọn sóòrùn, mo gbóòórùn wọn, mo ní kò rùn mọ́. Irọ́ ni. Inú ike lòórùn yẹn wọ̀ lọ, tí mo bá ti bomi sí i, omi á máa dán lójú bí òṣùmàrè, nínú bídọ̀nù méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ò hù. Ẹ jọ̀ọ́, bídọ̀nù tó bá ti gbé bẹntiróò rí, ẹ má gbin nǹkan jíjẹ sí i. Ti òróró tàbí ti epo pupa ni kẹ́ ẹ wá.

Nínú àwọn méjì tó hù, mo ti ba nǹkan jẹ́ kí wọ́n tó hù. Ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé ni mo kó sí i, mo sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè gbà púpọ̀. Mo gba ìgbẹ́ adìyẹ lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin, tútù ló wà, ó ṣì ń yọ ooru, mo ní ọ̀rá ilẹ̀ ni, mo dà á sí i. Èyí tó tún burú jù, inú agolo tòmátò ni mo kọ́kọ́ gbin káróòtì sí, nígbà tó dàgbà díẹ̀ mo wá tú u lọ sínú bídọ̀nù bí wọ́n ṣe ń ṣe tòmátò. Káróòtì ò fẹ́ ká ṣí òun nípò. Gbòǹgbò ẹ̀ tó tín-ín-rín yẹn ló máa di káróòtì lọ́la, tó bá ti ká tàbí tó já nígbà tí ẹ ń tú u, ó tán, ẹ̀ka ló máa yà. Tó bá kan òkúta, á yà. Tó bá kan ìgbẹ́ tútù, á yà. Tèmi pàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wá yọ.

Nígbà tó di oṣù kẹta, Bàbá mi wá láti Sábẹ̀. Wọ́n fẹ́ yẹ ojú wọn wò lọ́sibítù, nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyin ojú ọ̀tún. Wọ́n gbé iṣu lábókò mẹ́fà wá, wọ́n gbé èlùbọ́ wá, wọ́n sì gbé ọkọ́ wọn wá. Mo ní, "Bàbá, ta ló ń gbé ọkọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú?" Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọmọ àwọn làwọn ń bọ̀, àwọn ò mọ ohun tó máa bá àwọn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, mo bá wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n dúró ti bídọ̀nù mi.

"Kí lo gbìn síbí?"

"Káróòtì ni, Bàbá."

Wọ́n na ìka, wọ́n fẹ́ kì í bọ ilẹ̀, ìka ò wọlé. Ni wọ́n bá ká ọwọ́ kò, wọ́n kan ilẹ̀ náà bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, kò-kò-kò. "Àgò onílé o!" Wọ́n dúró, wọ́n dẹtí sílẹ̀. "Wọn ò sí nílé."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n wá ní, "Iṣu ò léyín. Ohunkóhun tó bá ń ta sábẹ́ ilẹ̀, kò léyín. Kò lè gé ilẹ̀ jẹ kó tó ráyè dùbúlẹ̀. Ìwọ lo máa bá a rún un sílẹ̀ kó tó débẹ̀." Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń tẹ̀ lé. Mo ti rò pé omi ni wàhálà mi, mo ti rò pé irúgbìn tí mo rà ni ò dáa, kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ebè la kọ́kọ́ ṣe. Ní Sábẹ̀, ìgbà tí òjò bá ń parí lọ ni wọ́n ti ń kọ ọ́, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, kí wọ́n tó gbin iṣu lọ́gbẹlẹ̀. Níbí, oṣù kẹta la wà, ilẹ̀ ti di pákó, nítorí náà Bàbá ní kí n da garawa omi mẹ́jọ sí i lálẹ́ kí n fi àpò ọ̀rinrin bò ó, tó bá di ìdájí ọkọ́ á wọlé. Òótọ́ ni. Ó wọlé bí ìgbà téèyàn ń gé àkàsù.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é, mo sì dúró ti wọn wò ó dáadáa. Wọ́n fẹsẹ̀ wọn wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ mẹ́rin ní fífẹ̀, ìyẹn bíi mítà kan, wọ́n fi ọkọ́ fa òbìrí sílẹ̀. Wọ́n tú ilẹ̀ àárín òbìrí yẹn sílẹ̀ láì kó o kúrò. Wọ́n ní kí n kó ewé gbígbẹ wá, mo kó ewé máńgòrò, wọ́n tẹ́ ẹ nípọn ọwọ́ kan. Wọ́n wá ń yípo, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn, wọ́n ń fi ọkọ́ wọ́ ilẹ̀ òkè láti ìta wá sáàárín, ilẹ̀ òkè nìkan ni o, ìka mẹ́rin sísàlẹ̀, wọn ò wa ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ rárá, wọ́n ní ìyẹn ò tíì mọ nǹkan kan. Wọn ò sì fi ẹsẹ̀ tẹ orí ebè yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gun un báyìí, wọ́n pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé orí oúnjẹ ló fẹ́ gùn, àbí orí oúnjẹ náà kọ́? Nígbà tó ga dé orúnkún wọn, wọ́n fi ẹ̀yìn ọkọ́ pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, gbẹ̀gẹ̀gbẹ̀gẹ̀, yíká. Awọ ẹ̀ nìkan ni wọ́n pa, inú ẹ̀ ṣì rọ̀.

Ilẹ̀ òkè ẹ̀yìnkùlé wa ò tó fún ebè kejì, ni mo bá ní kí oní pusi-pusi, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ tì yẹn, gbé ilẹ̀ dúdú wá láti ààtàn. Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé wá, mo dá a padà. Mo jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀ gàrí tó ti gbó, mo rí fọ́ ìgò, mo rí ọ̀rá omi, ìyẹn ò bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n òkú bátìrì rédíò márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, àwọn kan ti ṣí, dúdú inú wọn ti ń dà jáde. Oró ni èyí, kì í ṣe ohun tá à ń fi gbin nǹkan tí ọmọ máa jẹ. Kẹ̀kẹ́ kejì wá láti abẹ́ igi máńgòrò kan tí wọ́n ti ń gbá ewé sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn dáa, ó ṣú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Èmi ni mo kọ ebè kejì. Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n ń wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan, ẹnu wọn ń jẹ obì. Tèmi ga ju tiwọn lọ, ó ṣóńṣó lórí, mo yangàn. Òjò ńlá àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin rọ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ti Bàbá dúró bí ó ṣe wà, tèmi ti ya lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilẹ̀ dúdú tí mo fowó rà ti ṣàn lọ sẹ́nu kànga. Bàbá ti padà sí Sábẹ̀ nígbà yẹn, mo pè wọ́n lórí fóònù, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò mi kó fi hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti rí i nígbà tí mò ń kọ ọ́ pé ó dúró gangan jù. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Wọ́n ní òjò máa sọ fún ọ.

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Mo fà á gbòòrò sí i nísàlẹ̀ kí ara ẹ̀ lè rọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọkọ́ pa á lára, mo wá fi koríko gbígbẹ dé e lórí, mo gbé ògúlùtu kan lé koríko yẹn kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Koríko yìí ni mo fojú kéré tẹ́lẹ̀. Òun ló ń gba ìbọn òjò sára, òun náà ló ń bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, tẹ́ ẹ bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án gangan ẹ máa rí i pé ó tutù bí abẹ́ ìkòkò omi. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: ebè máa ń rẹlẹ̀. Ewé máńgòrò tó wà nínú ẹ̀ ń jẹrà, nígbà tó fi máa pé oṣù méjì ó ti fi ọwọ́ kan rẹlẹ̀, ẹ máa bu ilẹ̀ kún un ni.

Ó wá kan àpò. Àpò ìrẹsì àádọ́ta kílò ni mo lò, èyí tí wọ́n hun yẹn, igba fáráǹ ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bídọ̀nù àti bàsíà lọ, torí ara ẹ̀ ń mí, omi ń gba ara ẹ̀ jáde, kì í sì í gbóná bíi rọ́bà dúdú. Àléébù ẹ̀ ni pé oòrùn ń jẹ ẹ́. Láàárín oṣù mẹ́rin, okùn ẹ̀ á ti máa tú bí aṣọ tí wọn ò kọ́ létí, ọ̀kan tiẹ̀ ya mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti fẹ́ sún un. Èmi tí mo mọ̀ pé aṣọ ni iṣẹ́ mi, mo wá ń ká ẹnu àpò síta lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹní ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, mo sì ń ran ìró àtijọ́ mọ́ ọn yíká níbi tí oòrùn ti ń bá a jù. Àwọn aládùúgbò ń bi mí ṣé mo fẹ́ gbé wọn níyàwó ni. Tí àpò tiyín bá ní ọ̀rá nínú, ẹ dá ihò sí i nísàlẹ̀, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tó gba ìka, kẹ́ ẹ sì gbé àpò lé búlọ́ọ̀kù méjì, kó má jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, torí omi tí ò ráyè jáde, abẹ́ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà kí ojú tó rí i.

Ilẹ̀ tí mo kó sínú ẹ̀: garawa ilẹ̀ dúdú méjì, yanrìn kan, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbó kan, háhá àgbọn tí mo ti fọwọ́ fà ya ààbọ̀ garawa. Fún káróòtì, mo dín ìgbẹ́ yẹn kù sí ìlàjì, mo fi yanrìn rọ́pò ẹ̀. Yanrìn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á fún bíríkìlà ni mo ti rà á, kì í ṣe etí ọ̀sà, torí ọ̀sà Àjàṣẹ́ máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ ò sì bá ohun tí mo fẹ́ gbìn ṣọ̀rẹ́. Ní ti ìgbẹ́, mo ti lọ sí Songhai rí, ibi ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ tí àlùfáà Nzamujo dá sílẹ̀ níbí l'Àjàṣẹ́ ní 1985, níbi tí wọ́n ti ń lo ìgbẹ́ ẹran fún gáàsì àti fún oko, tí nǹkan kan kì í ṣòfò, ibẹ̀ ló ti yé mi pé ìgbẹ́ kì í lọ sóko ní tútù. Tèmi, mo kó o jọ pẹ̀lú èèpo iṣu àti ewé, mo bò ó, mo ń yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oṣù méjì àtààbọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò gbóná mọ́, tí kò rùn, ó ti tó.

Kúkúǹdùkú, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀dùnkún tàbí ànàmọ́, òun ni mo kọ́kọ́ gbìn nínú oṣù kẹrin, sínú àpò mẹ́ta àti sórí ebè tèmi tí mo tún ṣe. Òun ló rọrùn jù, ẹni tí ò gbin nǹkan rí, òun ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò nílò irúgbìn. Mo gba ìtàkùn lọ́wọ́ ìyá kan, mo gé orí ẹ̀, bíi sẹ̀ntímítà ọgbọ̀n, mo já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, mo tọ́jú ẹ̀ síbi òjìji fún ọjọ́ kan, mo wá ri oríkèé mẹ́ta, ibi tí ewé ti ń yọ, bọ ilẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Àpò méjì, ìtàkùn méjì-méjì ni mo fi sí wọn. Àpò kẹta, mo fi márùn-ún sí i, ojúkòkòrò ni, mo rò pé bí orí bá pọ̀ ẹrù á pọ̀.

Ìtàkùn ẹ̀ máa ń rìn, ibi tó bá sì ti fara kan ilẹ̀, á ta gbòǹgbò síbẹ̀, á máa ta ọmọ wẹ́wẹ́ kiri. Ṣe ni mo ń gbé e sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni ń gbé irun ọmọ kúrò lójú. Ewé ẹ̀ tó bá pọ̀ jù, mo ń já a sínú ọbẹ̀, ó dùn, ó ń yọ̀ díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń sán lára ebè nígbà tí kúkúǹdùkú ń gbòòrò nínú, ẹ tètè fi ilẹ̀ dí i. Èmi fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòkòrò kan wọlé, ó dà bí èèrà, ara ẹ̀ dúdú ó ń dán bíi búlúù, ọrùn ẹ̀ pupa. Kúkúǹdùkú mẹ́ta tó bá jẹ, nígbà tí mo sè wọ́n wọ́n korò bí ewúro tí a ò fọ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò pàápàá gbóòórùn ẹ̀ ó kọ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni mo wà á, ọjọ́ òmìnira, torí gbogbo èèyàn wà nílé, wọ́n fẹ́ wòran. Àpò oníméjì-méjì, ọ̀kan fún mi ní kílò mẹ́ta àti ààbọ̀, èkejì fún mi ní kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀. Àpò olójúkòkòrò? Kò pé kílò méjì, gbogbo ẹ̀ dà bí ìka ọwọ́ ọmọdé, wọ́n ti fún ara wọn lọ́rùn níbẹ̀. Ebè fún mi ní kílò méje, ẹ yọ ẹyọ mẹ́ta tí kòkòrò jẹ kúrò. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì sè é lọ́jọ́ náà. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ilé ìdáná níbi tó móoru tí oòrùn ò dé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọgbẹ́ ara wọn san, wọ́n sì dùn ju bí wọ́n ṣe dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lọ. Inú ẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n, irú èyí tó ní fítámì A tó dára fún ojú àwọn ọmọdé. Mo sọ ọ́ fún Bàbá lórí fóònù, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ kíákíá kí àwọn fi lé ojú. Mo ní jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, Bàbá, kì í ṣe lílé, nǹkan funfun tó wà lójú yín yẹn, dókítà ló máa yọ ọ́.

Iṣu, mi ò ní fi gbígùn dá yín lágara. Bàbá gé lábókò kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi eérú ra ojú ọ̀bẹ ẹ̀, wọ́n jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, wọ́n gbin orí ẹ̀ sínú ebè tiwọn, èmi gbin ìkan sínú àpò, ìkẹta jẹrà. Mo fi okùn fà á lọ sórí òrùlé ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, tí àwọn ará Savalou ń ṣọdún iṣu tiwọn, tèmi ṣì ń na ewé kiri lórí páànù, mo kàn ń gbọ́ òórùn iyán láti ilé onílé ni. Oṣù kọkànlá ni mo wa méjèèjì. Ti ebè gùn, ó jọ iṣu tí ìyá mi lè fi ṣàlejò. Ti àpò sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan búlọ́ọ̀kù, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀ bí ẹni tó jókòó, ó yí ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣeé jẹ, àmọ́ mi ò tún ní gbin iṣu sínú àpò mọ́, oṣù mẹ́jọ omi fún iṣu kan ṣoṣo, rárá o.

Káróòtì wá ni ẹ̀san mi. Ìdajì oṣù kẹsàn-án ni mo gbìn ín, kí ó lè dàgbà bọ́ sínú ọyẹ́, torí kò fẹ́ràn òjò ńlá, kò sì fẹ́ràn ooru oṣù kẹta. Irúgbìn tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ New Kuroda ni mo rà, òun ló ń fara da ooru níbí. Irúgbìn káróòtì kéré bíi èérún, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ wọ́n ọn á dì jọ síbì kan. Mo pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ nínú àwo kékeré, mo fi ẹ̀gbẹ́ ìka fa ilà sórí ilẹ̀ àpò, ilà tí ò jìn ju èékánná lọ, mo ń fi ìka méjì já yanrìn yẹn sí i bí ẹni ń já iyọ̀ sọ́bẹ̀, mo fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Mo lu ihò mẹ́jọ sí ìdérí ìgò omi, òun ni mo fi ń bomi rin ín, kí omi má baà gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wá fi àpò ọ̀rinrin bò ó lójú. Tí ilẹ̀ yẹn bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ mo ṣí i, mo rí okùn ewéko tó tín-ín-rín, méjì-méjì, bí òwú tó yọ létí aṣọ. Mo ṣí àpò kúrò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, tó bá pẹ́ lábẹ́ ẹ̀ á funfun.

Ibi tó wá dùn mí jù ni fífà tu. Nígbà tí wọ́n ga tó ìka mẹ́rin, ẹ gbọ́dọ̀ fa àwọn kan tu kí àwọn tó kù lè ráyè, ìka méjì láàárín èyí àti èkejì. Nǹkan tí mo bò bí ọmọ ìkókó! Ọ̀kan, mo fà á, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún fà á. Àmọ́ mo rántí àpò olójúkòkòrò, mo ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bomi sí i, kẹ́ ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́, kí èyí tí ẹ fi sílẹ̀ má baà mì. Bíi ọgbọ̀n ló kù nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Tí èjìká ẹ̀ bá yọ síta, ẹ bu ilẹ̀ lé e, tí oòrùn bá bá a, á di àwọ̀ ewé, á korò.

Nínú oṣù Kejìlá, iṣẹ́ ọdún wọlé, aṣọ ọmọ, aṣọ ẹgbẹ́, mi ò sùn, mo gbàgbé omi fún bí ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí mo rántí, ẹ̀rí ọkàn mú mi da odindi garawa lé wọn lórí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Káróòtì tí òùngbẹ ti gbẹ, tó bá wá mumi lójijì, ara á là, mẹ́rin là gọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹnu ṣòkòtò tí sípù ẹ̀ bàjẹ́.

Ọ̀la Kérésì ni mo fà wọ́n. Mo di ewé àkọ́kọ́ mú nídìí, mo mì í díẹ̀, mo fà. Ó jáde bí ìgbà téèyàn yọ ọ̀bẹ nínú àkọ̀, ó gún régé, ó gùn tó ṣíbí, ilẹ̀ tó wà lára ẹ̀ gbọ̀n dànù fúnra ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ mi obìnrin gbé e wò lókè nísàlẹ̀, ó ní ṣòkòtò ò ní wọ̀ ọ́. Nínú àpò méjì mo rí mọ́kànléláàádọ́ta tó dáa. Àwọn bíi márùn-ún ní kókó-kókó lára gbòǹgbò wọn, kòkòrò inú ilẹ̀ kan tí ojú ò lè rí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ àpò yẹn mo ti dà á sórí ọ̀rá nínú oòrùn, àgbàdo ni mo máa fi gbìn lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe káróòtì.

Tẹ́ ẹ bá bi mí nípa owó, káróòtì ò lè jẹ́ kí n lówó, tí mo bá ka ilẹ̀, irúgbìn, yanrìn àti omi pọ̀, ó sún mọ́ iye tí mo máa rà á l'ọ́jà Wàǹdó, bóyá ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kúkúǹdùkú ló jẹ èrè, torí ìtàkùn ẹ̀ ò ná mi ní nǹkan kan, a sì ti ń jẹ ewé ẹ̀ láti oṣù kẹfà. Mo ti fi ìtàkùn díẹ̀ sínú bàsíà omi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìdúródè òjò oṣù kẹrin. Ebè mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ lọ́tẹ̀ yìí, kò sí èyí tó máa ṣóńṣó.

Ọkọ́ Bàbá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti béèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá fún ojú òsì ni wọ́n máa rí i gbà.